Lẹ́yìn Tí Abẹ́rẹ́ Bá Fa Ẹ̀jẹ̀ Tán: Ìrìn-Àjò Ohun Àyẹ̀wò Láti Bajulaiye Dé Ilé Ìpamọ́ Ìwádìí

Ẹni tó bá gba òpópónà Bajulaiye kọjá ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, láàárín Ṣómólú àti Bàríga, yóò gbọ́ ariwo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, yóò gbọ́ ti jẹnẹrétọ̀, yóò sì gbọ́ ohùn àwọn tó ń pe èrò sínú ọkọ̀. Àdúgbò tí iṣẹ́ ọwọ́ àti òwò ti fìdí múlẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan wà tó lè máa lọ ní irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ láìpariwo rárá. Nọ́ọ̀sì yóò so rọ́bà mọ́ apá aláìsàn, yóò fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tàbí mẹ́ta, yóò sì sọ fún un pé ìgò kan wà fún àyẹ̀wò tirẹ̀ lọ́jọ́ náà, àwọn tó kù sì wà fún ìwádìí tí àwọn onímọ̀ ìṣègùn ń ṣe.

Ibẹ̀ gan-an ni ìbéèrè ti ń bẹ̀rẹ̀. Níbo ni ìgò kejì yẹn ń lọ? Ta ni yóò tọ́jú rẹ̀? Ọdún mélòó ni yóò lò níbẹ̀? Nínú ìlú tí ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ènìyàn kì í ti í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà, tí ìròyìn àwọn afènìyàn-ṣowó kò sì yéé dẹ́rù ba ará ìlú, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni bínú sí aláìsàn tó bá béèrè. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní abèèrè kì í ṣìnà. Ìdáhùn tó yẹ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ gbọ́ kò sì ṣòro láti ṣàlàyé, bí a bá tẹ̀ lé ìgò náà láti ọwọ́ nọ́ọ̀sì títí dé ibi tí yóò fi ṣe ilé.

Kí ni ilé ìpamọ́ ohun àyẹ̀wò?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló mọ ilé ìpamọ́ ẹ̀jẹ̀ tó wà ní àwọn ilé ìwòsàn ńlá, níbi tí wọ́n ti ń gba ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó lera láti fi fún aboyún tàbí ẹni tí ìjàǹbá ọkọ̀ ṣe. Ilé ìpamọ́ ìwádìí yàtọ̀ sí èyí. Wọn kì í fa ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ sí ẹnikẹ́ni lára. Ohun tí wọ́n ń kó pamọ́ síbẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ tí kò ju ṣíbí kan tàbí méjì lọ, omi tó máa ń ya sọ́tọ̀ lára ẹ̀jẹ̀, itọ́ ẹnu, ìtọ̀, ìgbẹ́, kẹ̀lẹ̀bẹ̀, àti ẹran ara bíńtín tí àwọn oníṣẹ́ abẹ bá gé láti mọ irú àìsàn tó ń ṣe ènìyàn. Gbogbo wọn wà nínú òtútù líle, olúkúlùkù pẹ̀lú nọ́ńbà tirẹ̀ àti àkọsílẹ̀ tirẹ̀.

Ìdí tí wọ́n fi ń kó wọn pamọ́ ni pé ìwádìí ìṣègùn kì í parí lọ́jọ́ kan. Dókítà tó ń wá ìdí tí ẹ̀jẹ̀ ríru fi ń tètè ba kíndìnrín àwọn kan jẹ́, tí kò sì ṣe àwọn mìíràn ní nǹkan, kò lè rí ìdáhùn lára ènìyàn mẹ́wàá. Ó nílò ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn, ó sì nílò kí ohun tí wọ́n gbà lára ẹni àkọ́kọ́ ṣì dára bí ti ẹni ìkẹyìn. Yàtọ̀ sí èyí, ẹ̀rọ àyẹ̀wò tí kò tíì sí lónìí lè dé lọ́dún mẹ́wàá sí i, kí ó sì bá ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ti gbà tẹ́lẹ̀ níbẹ̀.

Ìdí mìíràn kan àwọn aláwọ̀ dúdú gan-an. Èyí tó pọ̀ jù nínú ìwádìí lórí àbùdá ènìyàn, ìyẹn ohun tí a jogún lára bàbá àti ìyá, ni wọ́n ti ṣe lára àwọn tó ṣẹ̀ wá láti ilẹ̀ Yúróòpù. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn onímọ̀ sọ pé kò sí apá ibì kankan lágbàáyé tí àbùdá ènìyàn ti pé oríṣiríṣi tó ti Áfíríkà. Bí kò bá sí ẹ̀jẹ̀ àwọn ènìyàn wa nínú ohun tí wọ́n ń yẹ̀ wò, oògùn tí wọ́n bá ṣe lè má bá ara wa mu.

Ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin kan ní 1927

Àwọn ará Bajulaiye kò ní láti rìn jìnnà kí wọ́n tó dé ibi tí ìtàn yìí ti bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ yìí. Ní Yábàá tí wọ́n jọ wà ládùúgbò kan náà ni ilé-iṣẹ́ Rockefeller ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà dá ibùdó ìwádìí sílẹ̀ sí ní 1925, láti wá ohun tó ń fa ibà pọ́njú, àìsàn tó ń pa àwọn ènìyàn káàkiri etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà nígbà náà. Wọ́n tún ní ẹ̀ka ní Àkrá, ní ilẹ̀ tí a mọ̀ sí Gánà lónìí.

Ní ọjọ́ 30, oṣù kẹfà, 1927, ọ̀kan nínú àwọn dókítà wọn gba ẹ̀jẹ̀ lára ọkùnrin kan tó jẹ́ ẹni ọdún 28, Asibi lorúkọ rẹ̀, tí àìsàn náà ń ṣe ní ilẹ̀ Gánà. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ yìí sára ọ̀bọ kan tí wọ́n kó wá láti òkè òkun, ọ̀bọ náà sì kú. Láti ara ọ̀bọ yẹn ni wọ́n ti gbé àrùn náà lọ sí ara òmíràn, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ṣe rí i pé kòkòrò bíńtín tí ẹ̀rọ amúǹkantóbi ìgbà náà kò lè fi hàn ló ń fà á. Asibi fúnra rẹ̀ bọ́ nínú àìsàn náà. Adrian Stokes, ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn tó ṣe ìwádìí ọ̀hún, kò bọ́: ibà pọ́njú pa á ní Èkó ní oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà.

Wọn kò da ohun tí wọ́n rí nínú ẹ̀jẹ̀ Asibi nù. Wọ́n tọ́jú rẹ̀, ó sì dé ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Láti ara rẹ̀ ni Max Theiler àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú tí wọ́n ń pè ní 17D ní 1937, èyí tó mú kí Theiler gba ẹ̀bùn Nobel ní 1951. Abẹ́rẹ́ àjẹsára tí àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ń gbà ní Nàìjíríà lónìí, tí arìnrìn-àjò sì ń gba káàdì aláwọ̀ ìyẹ̀yẹ̀ lé lórí, ara iṣẹ́ yẹn ló ti wá.

Ìtàn yìí ní ojú méjì. Ojú kìn-ín-ní ni pé ẹ̀jẹ̀ ẹnì kan ṣoṣo, bí wọ́n bá tọ́jú rẹ̀ dáadáa, lè gba ẹ̀mí àìmọye ènìyàn là. Ojú kejì ni pé ní ìgbà yẹn, kò tíì sí òfin kankan tó wọ́pọ̀ láàárín àwọn orílẹ̀-èdè tó ní kí wọ́n ṣàlàyé fún aláìsàn, kí ó sì yọ̀ǹda, kí wọ́n tó fi ohun tó wá láti ara rẹ̀ ṣe ìwádìí. Ẹ̀yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni irú òfin bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ múlẹ̀, ní Nuremberg ní 1947 àti ní Helsinki ní 1964.

Àwọn Yorùbá Ìbàdàn àti ilé ìpamọ́ ní New Jersey

Ìtàn kejì kan ọmọ Yorùbá tààrà. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2002 ni àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè bíi mélòó kan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ńlá kan tí wọ́n ń pè ní HapMap, láti mọ bí àbùdá ènìyàn ṣe jọra àti bó ṣe yàtọ̀. Ènìyàn 270 ni wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ wọn. Nínú wọn, 90 jẹ́ Yorùbá láti Ìbàdàn, bàbá, ìyá àti ọmọ kọ̀ọ̀kan nínú ìdílé 30. Àwọn tó kù wá láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, Japan àti Ṣáínà.

Kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀ kankan ní Ìbàdàn, wọ́n kọ́kọ́ bá àwọn ará àdúgbò jókòó, wọ́n sì gbé ìgbìmọ̀ kan dìde láàárín àwọn ará àdúgbò náà láti máa gba ìmọ̀ràn wọn. Ọmọ Nàìjíríà bíi Charles Rotimi àti Clement Adebamowo wà lára àwọn tó ṣe iṣẹ́ yìí. Nígbà tó yá, wọ́n fi àwọn ohun àyẹ̀wò náà ránṣẹ́ sí ilé ìpamọ́ Coriell ní ìpínlẹ̀ New Jersey ní Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn onímọ̀ jákèjádò ayé ti ń rí wọn gbà fún ìwádìí. Wọn kò kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sí i lára. Ṣùgbọ́n wọ́n ní kí gbogbo ẹni tó bá lò ó kọ ọ́ ní kíkún pé Yorùbá láti Ìbàdàn, Nàìjíríà ni, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ẹ̀jẹ̀ ènìyàn 90 dúró fún gbogbo Áfíríkà.

Kí ni ó ti ibẹ̀ jáde? Ní 2010, àwọn onímọ̀ tó ń wá ìdí tí àìsàn kíndìnrín fi pọ̀ láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà rí oríṣi àbùdá méjì kan lára ohun tí wọ́n ń pè ní APOL1. Nígbà tí wọ́n wo àkọsílẹ̀ àwọn Yorùbá Ìbàdàn, wọ́n bá a níbẹ̀, ó sì pọ̀. Wọn kò bá a lára àwọn ará Yúróòpù. Wọ́n tún rí i pé àbùdá yìí ń gbéjà ko kòkòrò tó ń fa àìsàn oorun àsùnkú, èyí tí eṣinṣin ń gbé kiri. Ohun tó gba àwọn baba ńlá wa lọ́wọ́ ikú kan ni ó ń fi kíndìnrín àwọn ọmọ wọn wewu lónìí, bí ènìyàn bá jogún rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í dán oògùn tó dojú kọ ọ́ wò. Bí ẹ̀jẹ̀ àwọn ará Ìbàdàn kò bá sí níbẹ̀, ìdáhùn yẹn ìbá pẹ́ kí ó tó dé.

Ìwé ìyọ̀ǹda ló ń ṣáájú abẹ́rẹ́

Ká wá padà sí Bajulaiye. Ká sọ pé ìyá kan tó ń ta bébà fún àwọn atẹ̀wé lọ sí ilé ìwòsàn nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru, ilé ìwòsàn náà sì wà lára àwọn tó ń kópa nínú ìwádìí. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n gbọ́dọ̀ gbé kalẹ̀ kì í ṣe abẹ́rẹ́. Ìwé ìyọ̀ǹda ni. Wọ́n gbọ́dọ̀ ka ohun tó wà nínú rẹ̀ fún un ní èdè tó gbọ́.

“Ìyá, ẹ lè gbà, ẹ sì lè kọ̀. Bí ẹ bá kọ̀, ìtọ́jú yín kò ní yí padà,” báyìí ni nọ́ọ̀sì tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò sọ.

“Ọmọ mi, ṣé wọn yóò rí orúkọ mi lára rẹ̀?” báyìí ni ìyá lè béèrè.

Ìdáhùn tó tọ́ ni pé rárá. Nọ́ńbà ni wọn yóò lẹ̀ mọ́ ìgò náà. Ìwé tó so nọ́ńbà yẹn mọ́ orúkọ yóò wà ní ilé ìwòsàn lábẹ́ kọ́kọ́rọ́, kò sì ní bá ìgò náà rìn. Ìwé ìyọ̀ǹda gbọ́dọ̀ sọ bóyá ìwádìí kan ṣoṣo ni wọn yóò fi ẹ̀jẹ̀ náà ṣe, tàbí wọ́n lè lò ó fún òmíràn lọ́jọ́ iwájú; bóyá yóò kúrò ní Nàìjíríà; ọdún tí wọn yóò fi tọ́jú rẹ̀; àti bí ìyá náà yóò ṣe gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà bí ọkàn rẹ̀ bá yí.

Nọ́ńbà, ọlọ́mọrí àti aago

Bí ó bá ti fọwọ́ sí i, iṣẹ́ aláàyè bẹ̀rẹ̀. Àwọ̀ ọlọ́mọrí ìgò ní ìtumọ̀. Èyí tí ọlọ́mọrí rẹ̀ jẹ́ elésè-àlùkò ní oògùn kan nínú tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Òun ni wọ́n sábà máa ń lò bí wọ́n bá fẹ́ yẹ àbùdá wò. Èyí tó pupa kò ní irú oògùn bẹ́ẹ̀, wọ́n fẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì kí omi orí rẹ̀ lè ya sọ́tọ̀. Bí nọ́ọ̀sì bá gba ẹ̀jẹ̀ sínú elésè-àlùkò, yóò rọra dojú rẹ̀ délẹ̀, yóò sì tún gbé e dúró, bí ẹ̀ẹ̀mẹjọ sí ẹ̀ẹ̀mẹwàá. Kò gbọ́dọ̀ gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì. Bí ó bá gbọ̀n ọ́n, àwọn hóró pupa inú ẹ̀jẹ̀ yóò fọ́, omi ẹ̀jẹ̀ yóò pọ́n, ọ̀pọ̀ àyẹ̀wò tí wọ́n bá sì ṣe lára rẹ̀ yóò parọ́.

Ojú ẹni tó ni ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ ti lẹ nọ́ńbà mọ́ ìgò, kì í ṣe lẹ́yìn tí aláìsàn márùn-ún bá ti lọ. Ọjọ́ àti wákàtí tí wọ́n gbà á gbọ́dọ̀ wà nínú àkọsílẹ̀. Àwọn atẹ̀wé Ṣómólú mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí: bí àwo ìtẹ̀wé ìwé ìgbéyàwó bá bọ́ sínú àpò ìwé òkú, kò sí bí ẹ̀rọ ṣe dára tó tí iṣẹ́ náà kò ní bàjẹ́. Ti ẹ̀jẹ̀ tilẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ojú kò lè fi ẹ̀jẹ̀ ìyá oníbébà yàtọ̀ sí ti ẹni tó jókòó tẹ̀ lé e. Ìgò tí nọ́ńbà rẹ̀ bọ́ di ohun àdànù. Ìgò tó gbé nọ́ńbà ẹlòmíràn burú ju èyí tó bọ́ lọ, torí pé irọ́ tó wọ ìwádìí láìsí ẹni tó mọ̀ ni. Ìdí nìyí tí wọn kì í fi í lo bébà lásán àti bírò. Òtútù líle yóò mú bébà ṣí kúrò, ọtí tí wọ́n fi ń nu nǹkan yóò sì pa tádàwá rẹ́. Àmì tí wọ́n ṣe fún òtútù ni wọ́n ń lò, pẹ̀lú ìlà dúdú wẹ́wẹ́ tí kọ̀ǹpútà lè kà.

Lẹ́yìn èyí, aago ti ń lé wọn. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbà kò kú lẹ́ẹ̀kan náà. Àbùdá inú rẹ̀ lè fara da ọjọ́ díẹ̀ nínú fíríìjì, ṣùgbọ́n àwọn nǹkan mìíràn inú rẹ̀ ń bàjẹ́ láàárín wákàtí díẹ̀. Nítorí náà, ìlànà ìwádìí kọ̀ọ̀kan máa ń sọ iye wákàtí tí wọ́n ní láti fi ìgò sínú ẹ̀rọ tó ń yí bírí, tí yóò ya omi ẹ̀jẹ̀ kúrò lára hóró pupa. Wọn yóò wá pín omi náà sínú ìgò kéékèèké púpọ̀.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń pín in? Ẹni tó bá ń ta ẹja yìnyín lọ́jà Bàríga lè dáhùn. Ẹja tó dì, tó yọ́, tí wọ́n tún mú dì, kò ní rí bí ó ti rí mọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni omi ẹ̀jẹ̀. Bí ó bá wà nínú ìgò ńlá kan, gbogbo rẹ̀ ni yóò yọ́ nígbàkúgbà tí ẹnì kan bá nílò ẹ̀kán kan. Bí ó bá wà nínú ìgò kéékèèké mẹ́wàá, ọ̀kan ni wọn yóò mú, mẹ́sàn-án yóò máa sùn.

Òtútù tí kò gbọ́dọ̀ já

Fíríísà tí a ń lò nílé kò ju nǹkan bí ìwọ̀n 18 tàbí 20 lábẹ́ òdo lọ. Ilé ìpamọ́ ń lo èyí tó tutù dé ìwọ̀n 80 lábẹ́ òdo, tàbí àgbá ńlá tí wọ́n fi afẹ́fẹ́ naitirójìn tó ti di omi sí, èyí tí òtútù rẹ̀ dé ìwọ̀n 196 lábẹ́ òdo. Ní ìlú tí iná mọ̀nàmọ́ná kò ṣe é gbọ́kàn lé, òtútù yìí ni ìṣòro tó ga jù. Fíríísà kan kò tó. Jẹnẹrétọ̀ gbọ́dọ̀ wà, omíràn gbọ́dọ̀ wà tí yóò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀rọ akọ̀wé òtútù gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru, kí ó sì pe ẹnì kan lórí fóònù bí òtútù bá ń dín kù lóru. Àyè òfìfo gbọ́dọ̀ wà nínú fíríísà mìíràn tí wọn yóò tètè kó ẹrù sí bí ọ̀kan bá dákú.

Ọjọ́ tí ẹrù bá máa gbéra láti ilé ìwòsàn lọ sí ilé ìpamọ́, ìwé ẹrù ni wọ́n kọ́kọ́ ń ṣe. Nọ́ńbà ìgò kọ̀ọ̀kan, ohun tó wà nínú rẹ̀, bí ó ṣe pọ̀ tó, ọjọ́ tí wọ́n gbà á, àti ojú ihò tó wà nínú páálí. Páálí tí wọ́n sábà máa ń lò ní ihò mẹ́sàn-án ní gígùn àti mẹ́sàn-án ní ìbú, ihò 81 lápapọ̀. Wọn yóò fi ìwé yìí ránṣẹ́ ṣáájú, ilé ìpamọ́ yóò sì fèsì pé àwọn ti ṣetán. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ gbé ẹrù dé ẹnu ọ̀nà wọn láìjẹ́ pé wọ́n ń retí rẹ̀.

Ìpele mẹ́ta ni dídì ẹrù náà. Ìgò fúnra rẹ̀ ni àkọ́kọ́. Wọn yóò fi ohun tó lè fa omi mu wé e, bí ó bá fọ́, kí omi má ṣàn kiri. Wọn yóò kó o sínú àpò tàbí agolo tí omi kò lè jò níbẹ̀. Wọn yóò wá gbé gbogbo rẹ̀ sínú páálí líle, tí wọn yóò lẹ àmì UN3373 mọ́, kí awakọ̀, òṣìṣẹ́ pápákọ̀ òfuurufú àti panápaná mọ ohun tó wà níbẹ̀. Èyí jẹ́ fún ohun àyẹ̀wò lásán. Bí wọ́n bá mọ̀ tàbí fura pé kòkòrò bíi ti Ebola wà nínú rẹ̀, òfin tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ ló de irú ẹrù náà.

Yìnyín gbígbẹ ni wọ́n fi ń yí ohun tó dì ká. Kì í ṣe omi dídì. Afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù tí wọ́n mú dì ni, ó sì tutù dé ìwọ̀n 78 lábẹ́ òdo. Kì í yọ́ di omi, ṣe ni ó máa ń di afẹ́fẹ́ padà. Nítorí èyí, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dí páálí rẹ̀ pa, torí ó lè bú gbàmù. Kò sì dára kí wọ́n gbé e sínú ọkọ̀ tí wọ́n ti fèrèsé rẹ̀ pa, nítorí èémí awakọ̀.

Ọjọ́ tí ẹrù ń gbéra tún ṣe pàtàkì. Ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ ló dára jù. Ẹni tó bá fi ẹrù ránṣẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì, tàbí lálẹ́ ọjọ́ tí Iléyá tàbí Kérésìmesì bá kù sí ọ̀la, ń fi ẹrù náà ta tẹ́tẹ́ ni. Bí ọkọ̀ bá há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ òpópónà Ìkòròdú, tí ọ́fíìsì sì ti tì kí ó tó dé, ọjọ́ Ajé ni wọn yóò tó ṣí páálí náà, yìnyín yóò sì ti tán.

Bí ẹrù bá gúnlẹ̀, òṣìṣẹ́ ilé ìpamọ́ kì í kàn kó o sí fíríísà. Yóò wo bí òtútù ṣe rí lójú ọ̀nà, yóò ka ìgò, yóò fi nọ́ńbà ọ̀kọ̀ọ̀kan wé ìwé ẹrù. Bí ìwé bá sọ pé 81, tí ó bá 80, yóò kọ ọ́ sílẹ̀, yóò sì pe ilé ìwòsàn. Ìgò tí nọ́ńbà rẹ̀ kò bá ìwé mu yóò wà lọ́tọ̀ títí ọ̀rọ̀ yóò fi yanjú. Kò sí àyè fún pé “ó jọ pé òun nìyẹn.” Lẹ́yìn náà ni kọ̀ǹpútà yóò gba àdírẹ́sì rẹ̀: fíríísà wo, pẹpẹ wo, páálí wo, ihò wo.

Àwọn ilé tó wà nítòsí

Lóde òní, kì í ṣe dandan kí ohun àyẹ̀wò láti Èkó gba òkun kọjá. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìṣègùn ti ìjọba àpapọ̀, NIMR, wà ní Yábàá. Ilé ìpamọ́ ti ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó, tí ìjọba Kánádà ṣe ìrànwọ́ lé lórí, wà nínú ọgbà Ilé Ìwòsàn Mainland ní Yábàá kan náà, ó sì wà lára àwọn ibi tó ṣe àyẹ̀wò àrùn Kòrónà ní 2020. Lábẹ́ ètò H3Africa, tó gba owó láti 2012 sí 2022 láti mú ìwádìí àbùdá gbèrú ní Áfíríkà, wọ́n dá ilé ìpamọ́ mẹ́ta sílẹ̀ fún gbogbo ilẹ̀ yìí: ọ̀kan ní Àbújá lábẹ́ ilé-iṣẹ́ IHVN, ọ̀kan ní Ùgáńdà, ọ̀kan ní Gúúsù Áfíríkà.

Àǹfààní rẹ̀ hàn ní oṣù kejì ọdún 2020. Ilé àyẹ̀wò LUTH ní Ìdí-Àràbà ló fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù náà pé àrùn Kòrónà ti wọ Nàìjíríà. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ sí i, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Redeemer's ní Ẹdẹ ti ka gbogbo àbùdá kòkòrò náà, wọ́n sì fi han gbogbo ayé. Ohun àyẹ̀wò náà kò kúrò nílẹ̀ Yorùbá kí ìdáhùn tó dé.

Òfin àti ohun tó yẹ láti béèrè

Nàìjíríà ní ìlànà tó de iṣẹ́ yìí. Láti 2007 ni ìwé ìlànà ìwà ìwádìí ìṣègùn ti orílẹ̀-èdè ti wà, ìgbìmọ̀ NHREC ló ń mójú tó o, Òfin Ìlera ti 2014 sì fi ẹsẹ̀ ìgbìmọ̀ náà múlẹ̀. Ìgbìmọ̀ tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ àwọn aláìsàn gbọ́dọ̀ yẹ ìwádìí wò kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Bí ohun àyẹ̀wò bá fẹ́ jáde kúrò ní Nàìjíríà, àdéhùn gbọ́dọ̀ wà ní kíkọ láàárín ẹni tó fi ránṣẹ́ àti ẹni tó gbà á, tí yóò sọ ohun tí wọ́n lè fi ṣe. Òfin ìdáàbòbò ọ̀rọ̀ àṣírí ti 2023 náà kan àkọsílẹ̀ ìlera.

Ṣùgbọ́n òfin nìkan kò dáhùn gbogbo ìbéèrè. Ní 2019, ilé-iṣẹ́ aládàáni kan tí wọ́n ń pè ní 54gene bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Èkó, ó sì kọ́ ilé ìpamọ́ tirẹ̀. Ní 2020, òun àti àwọn onímọ̀ ní Nàìjíríà kéde ètò láti gba ohun àyẹ̀wò lára 100,000 ènìyàn. Ní 2023, ilé-iṣẹ́ náà kógbá wọlé. Ìbéèrè tó gba ẹnu àwọn onímọ̀ kan nígbà náà ni pé, bí olùtọ́jú bá lọ, ta ni ó ni ẹrù? Ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe tábìlì àti àga tí wọ́n ń tà ní gbàǹjo. Ìdáhùn gbọ́dọ̀ wà nínú àdéhùn kí ìgò àkọ́kọ́ tó wọ fíríísà, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ pa iná.

Nítorí náà, ẹni tí wọ́n bá bẹ̀ pé kí ó yọ̀ǹda ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ohun mẹ́fà. Ìgbìmọ̀ wo ló fọwọ́ sí ìwádìí yìí? Níbo ni ìgò náà yóò wà? Ṣé yóò jáde nílẹ̀ yìí? Ṣé wọn yóò sọ fún un bí wọ́n bá rí àìsàn tó ṣeé tọ́jú lára rẹ̀? Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí i bí ilé ìpamọ́ bá tì? Báwo ni ó ṣe lè yọwọ́? Bí ó bá yọwọ́, wọn yóò pa ohun tó kù nínú fíríísà run. Ṣùgbọ́n èsì tí wọ́n ti tẹ̀ jáde kò ṣeé kó padà, ó sì yẹ kí wọ́n sọ èyí fún un láti ìbẹ̀rẹ̀.

Bí wọ́n bá dáhùn, tí ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀, kí ó fọwọ́ sí i. Bí ọkàn rẹ̀ kò bá balẹ̀, kí ó kọ̀, kí ó sì gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ lọ sílé. Ẹni tó bá gbà gbọ́dọ̀ gba ẹ̀dà ìwé ìyọ̀ǹda tirẹ̀, kí ó fi pamọ́ pọ̀ mọ́ káàdì ilé ìwòsàn. Ìgò náà kò mọ orúkọ ìyá oníbébà ní Bajulaiye. Nọ́ńbà nìkan ni ó mọ̀, ìwé yẹn sì ni ìyá náà yóò fi hàn ní ilé ìwòsàn lọ́jọ́ tó bá fẹ́ mọ ibi tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wà.